Iṣẹ́ Abẹ, Ìwé Ẹ̀rí àti Àpò Àwọn Òṣìṣẹ́

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń há àwọn ènìyàn wa lọ́fun ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà tí a ń gbé yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni “disability.” Bí a bá gbé e sí èdè wa, ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn ni aláàbọ̀ ara. Kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò jókòó ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí yóò mú bírò, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Àwa tí a máa ń sọ pé “ara ń yá díẹ̀díẹ̀” nígbà tí ara kò yá rárá! Bí ẹnì kan nínú wa bá fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, àṣírí ni. Aya á mọ̀, bóyá ẹ̀gbọ́n kan á mọ̀ nílé, àwa tí a jọ ń kírun yóò kàn rí i pé àyè rẹ̀ ṣófo lórí sàfù, a ó sì máa rò pé ó rin ìrìn-àjò.

Ohun tí òfin ìpínlẹ̀ yìí ní lọ́kàn yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí à ń bẹ̀rù. Ẹni tí àìsàn, iṣẹ́ abẹ, oyún, ìbímọ, tàbí ìpalára tí kò ti ibi iṣẹ́ wá kò jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí ó máa ń ṣe fún ọjọ́ mẹ́jọ ó kéré tán, òun ni òfin ń pè bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá yá tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, orúkọ náà ti bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ètò tí ó ń gbọ́ bùkátà irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní State Disability Insurance, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SDI. Mo ti gba owó náà. Èmi tí mo ń dúró síwájú yín lọ́jọ́ Jímọ̀ ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ kí ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ní oṣù April ọdún 2025, nígbà tí a ti kírun Ìtúnu Ààwẹ̀ tán ní bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní orúnkún ọ̀tún. Wọ́n gé ojú egungun tí ó ti jẹ kúrò, wọ́n sì fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìforíkanlẹ̀ ogójì ọdún ni ó jẹ orúnkún Ìmáàmù. Èmi mọ ohun tí ó jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ pé iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọdún kẹtàdínlógún sì nìyí. Gbígbé ènìyàn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga onítáyà, láti orí àga onítáyà sí balùwẹ̀, kì í ṣe ohun tí orúnkún ń gbàgbé. Owó tí mọ́sálásí ń fún mi lóṣooṣù kò ju owó epo ọkọ̀ àti owó ìwé kíkà lọ, mi ò sì ráhùn rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń san owó ilé ní Kalifóníà mọ̀ pé epo ọkọ̀ kọ́ ni onílé ń béèrè.

Dókítà ní n kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ọ̀sẹ̀ méjìlá! Owó ilé ìgbà mẹ́ta, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, àti òògùn ìyá mi ní Ìwó tí kò gbọdọ̀ fo oṣù kan. Àwọn ará bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó. Ọlọ́hun yóò san wọ́n lẹ́san rere. Mo rí i pé àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ń dá owó náà gan-an kò ní tó ohun tí mo ní. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e fún ìdílé kan tí bàbá wọn kú ní oṣù ṣáájú. Ìgbà náà ni ẹnì kan wí pé, “Alfa, ṣé ọ̀dọ̀ ìjọba ni ẹ fẹ́ lọ tọrọ?”

Ìbéèrè yẹn ni ó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí, nítorí kò sí títọrọ nínú rẹ̀. Ọdún 1946 ni Kalifóníà ti dá ètò yìí sílẹ̀, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Rhode Island ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Owó tí ó wà nínú àpò náà kì í ṣe owó orí tí olówó san fún tálákà. Ara owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Lórí ìwé owó iṣẹ́ yín, ìlà kékeré kan wà tí wọ́n máa ń kọ CASDI sí. Ní ọdún 2025, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 20 ni wọ́n ń yọ nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là, agbanisíṣẹ́ kò sì dá kọ́bọ̀ síbẹ̀. Ọdún kẹtàdínlógún tí mo ti ń gbé àwọn arúgbó ni ọdún kẹtàdínlógún tí mo ti ń dá owó sínú àpò yẹn. Bí ènìyàn bá lọ gba owó lọ́wọ́ alájọ rẹ̀, ṣé alágbe ni?

Kí n má parọ́, kò rí bí àjọ gan-an. Ẹni tí ó dá àjọ, iye tí ó dá ni yóò kó, àfi èyí tí alájọ yọ. Ti eléyìí, ẹni tí ara rẹ̀ le títí ó fi fẹ̀yìn tì lè má gba nǹkan kan padà láéláé, ẹni tí ó sì ṣàìsàn lọ́dún kejì lè gba ju iye tí ó san lọ. Ọ̀wẹ̀ ni ó jọ jù lójú mi. Nígbà tí bàbá mi ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní Ìwó nígbà èwe mi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bá a kọ ebè, tí wọ́n bá a gbin iṣu, tí wọ́n sì bá a wà á nígbà tí ó tó wíwà. Àwọn mìíràn nínú wọn kò ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ rí títí wọ́n fi kú. Kò sí ẹni tí ó pe bàbá mi ní alágbe lọ́dún náà, wọn kò sì pe ara wọn ní aláàánú.

Àwọn tí wọ́n ti jókòó níwájú àwọn àgbà ẹ̀kọ́ yóò béèrè ibi tí òfin ẹ̀sìn dúró sí lórí rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n béèrè. Ìdájọ́ àwọn onímọ̀ lórí adójútòfò oníṣòwò le. Ilé ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn tí àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí gbé kalẹ̀ sí Jeddah sọ ní ọdún 1985 pé àdéhùn tí ilé iṣẹ́ fi ń gba owó pàtó lọ́wọ́ ènìyàn láti fi jèrè lórí ohun tí a kò mọ̀ bóyá yóò ṣẹlẹ̀ tàbí kò ní ṣẹlẹ̀ kò tọ́, wọ́n sì fi èyí tí ó jẹ́ ti ìrànlọ́wọ́ ara ẹni rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1965, àwọn onímọ̀ tí wọ́n péjọ lábẹ́ Al-Azhar ní Káírò ti ya ètò tí ìjọba ń ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀, àti owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú, wọ́n ní ó tọ́. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Kò sí oníṣòwò láàrin tí ó ń jèrè lórí àìsàn ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ka ìwé fíkíhì mọ ìlànà àákílà, nínú èyí tí àwọn ìbátan ẹni tí ó ṣèèṣì pànìyàn máa ń pawọ́ pọ̀ san owó ẹ̀jẹ̀, kí ẹrù má baà wó ẹnì kan pa. Bí ẹ bá ní iyèméjì síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ tí ó jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìtìjú ṣe fàtíwà.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́. Láti ọjọ́ tí ẹ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ kò lè fi ìwé sílẹ̀ kí ọjọ́ kẹsàn-án tó pé, ẹ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ 49. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ kò ní owó. Wọ́n yóò wo oṣù méjìlá kan sẹ́yìn, kì í ṣe oṣù tí a wà nínú rẹ̀: nítorí pé April ni tèmi bẹ̀rẹ̀, January sí December 2024 ni wọ́n wò. Nínú oṣù méjìlá náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, ìdá tí owó ti pọ̀ jù ni wọ́n sì fi ń ṣírò. Láti ọdún 2025, ìdá 70 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń san, àwọn tí owó iṣẹ́ wọn kéré ni wọ́n sì ń gba 90. Ẹni tí ó ń gba 700 dọ́là lọ́sẹ̀ lè rí nǹkan bí 630. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó gùn jù. Wọn kì í wo ìwé ìgbélùú ẹni láti fi pinnu bóyá yóò gbà á, ohun tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Texas, ẹ jọ̀wọ́, ìpínlẹ̀ yín kò ní irú ètò yìí, ẹ wo ohun tí ibi iṣẹ́ yín ní. Ti New York àti New Jersey wà, ìlànà tiwọn ni ó yàtọ̀.

Ìwé náà ní apá méjì. Aláìsàn a kọ tirẹ̀, dókítà a sì jẹ́rìí sí i. Mo kọ tèmi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù April, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kan, mo sì gbé nọ́ńbà náà fún ọ́fíìsì dókítà kí wọ́n fi kọ apá tiwọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti dé.

Ẹ̀yin tí orúkọ yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Abdul, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Lórí káàdì Social Security mi, Abdul àti èyí tí ó tẹ̀ lé e so pọ̀ di ẹyọ kan. Lórí ìwé owó iṣẹ́, akọ̀wé fi àlàfo sí àárín wọn. Ní ọ́fíìsì dókítà, kọ̀ǹpútà gbé Abdul nìkan gẹ́gẹ́ bí orúkọ mi, ó sì sọ èyí tí ó kù di lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì ìdánudúró. “Ẹrú ti...” Ẹrú ta ni? Mo rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo dùbúlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò pẹ́ nítorí ìwé méjì tí orúkọ wọn kò bá ara mu lè má pàdé ara wọn láé. Mo pè wọ́n. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó gbé e sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi máa ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọn kò sì tíì fọwọ́ kan tèmi. Mo pè lọ́sẹ̀ kejì, ẹlòmíràn gbé e, kò rí nọ́ńbà mi. Mo ní kí ìyàwó mi wà mí lọ. Mo dúró níwájú tábìlì wọn pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì, mo fi káàdì hàn, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ orúkọ mi bí ó ti wà lórí rẹ̀ gẹ́lẹ́. N kò pariwo. Mo kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ sínú ìwé kékeré kan, ohun tí mo sì ti ń ṣe láti ìpè àkọ́kọ́ nìyẹn. Āyah tí ó gùn jù lọ nínú Al-Kùránì, ọ̀rọ̀ gbèsè, ìwé kíkọ àti ẹlẹ́rìí ni ó wà fún. Àwa ni a máa ń rò pé ìwé kíkọ jẹ́ àìgbára lé Ọlọ́hun.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù May ni dókítà fi ẹ̀rí tirẹ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni ọjọ́ 49 yóò pé. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ẹni tí kò pe ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ni ó gba àsìkò mi jù. Ìbéèrè kan ni. Wọ́n béèrè bóyá mo ti ṣe iṣẹ́ kankan, tàbí gba owó iṣẹ́ kankan, láti ọjọ́ tí àìlera mi bẹ̀rẹ̀. Owó mọ́sálásí ńkọ́? Òfin yọ iṣẹ́ àwọn olórí ẹ̀sìn kúrò nínú ètò yìí, wọn kì í yọ CASDI lára rẹ̀. Ọmọ ìyá wa kan tí ó fẹ́ràn mi wí pé, “Alfa, ẹ má kọ ìyẹn o. Sàárà ni mọ́sálásí ń fún yín, kì í ṣe owó iṣẹ́. Ta ni yóò mọ̀?” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú, nítorí náà ni n kò ṣe bá a wí níwájú àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta yẹn kò ní ìdáhùn méjì lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń kírun.

Ìlànà ẹ̀sìn ti yanjú ìdajì rẹ̀ fún mi. Ní ọ̀nà Imam Malik tí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ tí ó lókìkí ni pé ẹni tí ó lè dúró kì í kírun lẹ́yìn Ìmáàmù tí ó jókòó. Èmi kò lè dúró pẹ́, n kò sì lè forí kanlẹ̀. Igbákejì mi gba iwájú. Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí pé láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ mi títí n ó fi padà, kí wọ́n dá owó mi dúró, kí wọ́n sì máa fún igbákejì mi. Akápò bínú díẹ̀, ó ní ó dà bí ẹni pé mo ń lé oore. Wọ́n fi lẹ́tà dá mi lóhùn ṣá, mo sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà náà ni mo wá dáhùn ìbéèrè náà, ọkàn mi sì balẹ̀.

Kí ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò dùn. Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ń gba owó yìí tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó èrò lálẹ́. Àwọn kan ń bẹ dókítà kí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kún un nígbà tí ara wọn ti yá. Wọ́n ní owó ìjọba ni. Owó ìjọba wo? Arúgbó obìnrin ará Mẹ́síkò tí ó ń nu ilẹ̀ pẹ̀lú mi lóru, lára owó tirẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tí ó bá parọ́ kó o, kò sì sí bí ẹni náà yóò ṣe wá obìnrin náà kàn láti tọrọ ìdáríjì.

Lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní DE 429D dé lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Iye owó iṣẹ́ mi àti iye tí n ó máa gbà lọ́sẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bí tiyín bá dé, nítorí bí ìdá oṣù mẹ́ta kan bá sọnù níbẹ̀, owó yín yóò dín. Lẹ́tà ìṣírò lásán ni, kì í ṣe ìpinnu. Bí wọ́n bá sì pinnu pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ ní láti fi pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Owó tèmi wọlé ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú Iléyá, wọ́n san án láti ọjọ́ kẹjọ. Owó ilé ni ó kọ́kọ́ gba lọ. Lẹ́yìn náà òògùn ìyá mi. Ìyàwó mi wí pé, “Bàbá Nafisat, àgbò ńkọ́?” Mo ní Ọlọ́hun kò béèrè àgbò lọ́wọ́ onígbèsè. Ọmọ wa ọkùnrin ni ó pa tirẹ̀ lọ́dún yẹn, tí ó gbé itan wá fún wa.

Ohun kan tún kù tí àwọn ènìyàn ń dà pọ̀. Owó ni SDI ń fúnni, kò dáàbò bo iṣẹ́ yín. Òfin tí ó ń ṣe ìyẹn ni CFRA ti ìpínlẹ̀ yìí àti FMLA ti ìjọba àpapọ̀. CFRA kan ilé iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè. Ẹni tí ó bá ti lo ọdún kan níbẹ̀, tí ó sì ti ṣe wákàtí 1,250 ní oṣù 12 tí ó ṣáájú, lè gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró dè é. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ó béèrè wọn.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa gbà kí n sọ tirẹ̀, kí n má ṣe dárúkọ òun. Ilé ìtura ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún kọkànlá ni CASDI ti ń kúrò lára owó rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí owó ilé, ojú egbò sì tú. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi gbọ́, ọjọ́ 49 ti kọjá tipẹ́. Mo sọ fún un pé bí ènìyàn bá ní ìdí gidi tí ó fi pẹ́, ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ìdí òun kò ju pé ojú ń ti òun.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù July. Láti ìgbà náà, bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, mo máa ń jókòó fún wákàtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìkó-bàtà-sí, ẹni tí ó bá ní ìwé tí kò yé e a sì mú un wá. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, bàbá kan tí ó ń ṣọ́ ọgbà ìgbọ́kọ̀sí yọ ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ jáde láti inú àpò agbádá, ó ti ká a sí mẹ́rin. Ó ní dókítà fẹ́ ṣe ojú òun lóṣù tí ń bọ̀. Ó wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Alfa, ìlà wo ni ẹ ní ó jẹ́ nínú gbogbo èyí?” Mo fi ìka mi sí i lórí.